Káfíńtà Tó Mọ Èèyàn Kí Jù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ta ló ń pe ibi tá a wà yìí ní Èkó? Ẹ má wo ti géètì àti ilé alájà tó kún gbogbo ọ̀nà Ìjẹ̀gùn báyìí. Abúlé apẹja ni wá, jàre. Ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí lónìí, ibẹ̀ là ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, ẹja yíyan ló sì máa ń rùn lára aṣọ wa, títí kan aṣọ ọdún.

Bàbá mi, apẹja paraku ni wọ́n, wọ́n sì ní èèwọ̀ kan tí gbogbo abúlé mọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé àwọ̀n kọ́ èjìká láàárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ kí wọn, wọ́n á dáhùn, ó parí. Bẹ́ ẹ bá bèèrè pẹ́nrẹ́n, wọ́n á yí padà sílé, torí ẹja ti gbọ́ nìyẹn. Bí ẹja ṣe ń gbọ́ o, ẹ má bi mí.

Lásìkò tí àwọn àna fẹ́ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó gba yàrá nílé wa. Ọmọlúàbí ni, ó kàn mọ èèyàn kí ju bó ṣe yẹ lọ ni. Bó bá kí yín, á kí ọmọ yín, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kí ewúrẹ́ yín. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bàbá mi gbé àwọ̀n jáde, òun náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Ibo la forí lé báyìí?”

Bàbá mi wò ó. Wọ́n wo ojú ọ̀run. Wọ́n yí padà wọlé, wọ́n lọ sùn.

Ká ní ìgbà mìíràn ni, à bá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn àna ti ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ẹja tí bàbá ìyàwó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ni wọ́n ń fi se ọbẹ̀ àna. Kí apẹja lọ ra ẹja lọ́jà fún àna rẹ̀? Ẹ̀tẹ́ ni! Àna lè gbà pé wọn ò fẹ́ fún òun lọ́mọ, kó dìde, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ràn ọkùnrin rẹ̀ dénú.

Ìyá mi lọ bá káfíńtà, wọ́n ṣàlàyé èèwọ̀ yẹn fún un. Káfíńtà bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní òun ò mọ̀, òun ò ní bèèrè mọ́ láé. Ilẹ̀ mọ́, bàbá mi yọ, káfíńtà kígbe láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: “Ẹ kú àárọ̀, bàbá! Mi ò ní bèèrè o! Mo ti mọ̀ pé odò lẹ̀ ń lọ! Ẹ ó pa ẹja bọ̀ o!”

Háà! Ìyá mi káwọ́ lérí. Bàbá mi tún padà wọlé.

Nígbà tó wá ku ọ̀la tí àna máa dé, bàbá mi ní ojú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé làwọn máa gbà jáde. Àgbàlagbà oníkùn! Ikùn há, àwọ̀n kọ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ ń jù fìrìfìrì níta. Ta ló kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀? Káfíńtà tó ń rún pákò lẹ́yìnkùlé ni. “Olè! Olè o!” Gbogbo abúlé tú jáde gìrìgìrì. Nígbà tí wọ́n rí ẹni tó há, ẹ̀rín pa wọ́n dé ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Omijé ló fi sọ̀rọ̀: “Bàbá, ṣé ilé yín ni kí n gbó sí ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá mi lákínyẹmí ara. Bí wọ́n ṣe fà wọ́n yọ tán, wọ́n gbá káfíńtà lọ́wọ́ mú. “Ìwọ, ó yá! A jọ ń lọ ni. Ẹni tá a jọ ń lọ ò ní bi mí níbi tí mò ń lọ.”

Káfíńtà tí ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé ẹ̀! Ó di ọkọ̀ mú gírígírí, ó ń ké pe Ọlọ́run, etí odò la wà tá à ń gbọ́ ọ. Ìyá mi ní ẹja wo ló máa dúró de irú ariwo yìí. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó mú, wọ́n ti kó ẹja àrọ̀ dé, àwọn kan gùn tó apá mi. Bàbá mi ní ariwo yẹn ló lé wọn wọ inú àwọ̀n. Àwọn àna jẹun yó, wọ́n gbé ìyàwó wọn lọ, bàbá mi ò sì tún lọ sódò mọ́ láìmú káfíńtà dání.

Bàbá mi fún un nílẹ̀ létí omi. Ó kọ́lé, ó pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn yẹn pe àwọn ará wọn. Típà ń da yanrìn, odò ń súnkì, títí tó fi di gọ́tà tẹ́ ẹ̀ ń fò kọjá yìí.

Lọ́jọ́ kan lásìkò òjò tó kọjá, omi ya wọ pálọ̀ káfíńtà, òun náà ti darúgbó. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí wàràwàrà: àrọ̀ kan ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ àga! Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gorí tábìlì, wọ́n ń fi fóònù yà á. “Ẹ yà fún màmá, ọmọ apẹja ti dé!” Mo ká ìró mi sókè, mo na ọwọ́. Ó yọ̀ bọ̀rọ́. Mo tún nà án, ó tún bọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń bá wọn rín in, ṣùgbọ́n ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwa obìnrin, yíyan ẹja nìkan ni wọ́n kọ́ wa.

Káfíńtà rọra bọ́ sínú omi, ó sì gbá ẹja mú lẹ́yìn orí.

“Bàbá ẹ ló kọ́ mi,” ló wí.

Ẹ ò rí i bí ayé ṣe yí, ẹ̀yin ọmọ mi? Nínú gbogbo abúlé apẹja, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù tó mọ ẹja mú.