Orúkọ Tí Olútìmẹ́hìn Kò Fẹ́ Pè

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Olútìmẹ́hìn, mẹ́rìndínláàádọ́ta nínú rẹ̀ ló sì ti lò nínú oko kòkó lọ́nà Aládé. Ẹni tó máa ń ka nǹkan ni. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná lára igi, á mú igi kan, á ka ọgọ́rùn-ún ìtànná lára rẹ̀, á sì fi ọ̀dà pupa sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á padà wá ka èyí tó kù. Kò tíì ju márùn-ún lọ rí. Ìyókù á ti bọ́ sílẹ̀, èèrà á ti wọ́ ọ lọ.

Ìdí nìyí tí orúkọ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú wá fi há a lọ́nà ọ̀fun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọmọlará, ìyàwó Olúlékè, bí ọmọbìnrin. Olúlékè ń fi takisí kó èrò lọ sí Ofosu. Ọ̀rọ̀ orúkọ kò yé e tó ọ̀rọ̀ táyà, ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá sì ti fẹ́ lòun náà fẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá Olúlékè wọlé wá wo ọmọ.

"Bàbá mi," Ọmọlará ní, "Ìtànnáolúwa ni mo fẹ́ ká pè é."

Olútìmẹ́hìn gbé ọmọ náà sókè wò bí ẹni ń wò ó bóyá èso ti gbó. "Ta ló fún ọ ní orúkọ yẹn?"

"Oko yín ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé iyán wá fún yín? Ọjọ́ méjì ni ọmọ ò fi mira kí ọjọ́ náà tó dé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn jókòó sídìí igi kan tó tanná, mò ń wo ìtànná yẹn, ló bá yí nínú mi. Ó tàpá títí ẹ fi jẹun tán."

"Orúkọ pọ̀ o. Àdúràọlá wà, Tijésùnimí wà, Olúwatóyọ̀sí wà níbẹ̀. Àwọn yẹn léegun. Ìtànná, atẹ́gùn kékeré ló ń retí."

"Ẹ̀yin náà lẹ sì ń fi ìtànná yangàn fún gbogbo Aládé."

"Èso ni mo fi ń yangàn. Ìtànná, mo kàn ń kà á ni."

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹnu bà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, oyún àkọ́kọ́ Ọmọlará wálẹ̀ ní oṣù keje. Olútìmẹ́hìn fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ kékeré tí wọ́n sin ín sí, kò jẹ́ kí Olúlékè fọwọ́ kan ọkọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bẹ̀rù fún ọmọ tí yóò tẹ̀ lé e. Ó ha fẹ́ la ẹnu rẹ̀, kó fi ohun tó mọ̀ pé ó máa ń bọ́ pe ọmọ yìí?

Bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nínú ìdílé wọn, bàbá àgbà ló ń kọ́kọ́ ki ìka bọ omi, tí í pe orúkọ. Èyí tó bá pè ni ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ máa kọ sínú ìwé.

"Bí ẹ ò bá pè é, mi ò ní bínú," Ọmọlará ní. "Ẹ fún un ní èyí tó bá wù yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ìjà lọ. Ẹni tó ń bá èèyàn jà, èèyàn á rí i dá lóhùn.

Esther, ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ọmọ létí ilẹ̀kùn, fẹ́ fi ṣe àwàdà. "Bàbá Olúlékè, ọmọ ò tọrọ ilẹ̀, kò tọrọ ilé. Orúkọ ló ní kẹ́ ẹ pe òun."

"Ohun tí a ò sanwó rẹ̀ ló máa ń wọ́n jù lẹ́yìn ọ̀la," ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tó ku ọ̀la kí wọ́n sọmọ lórúkọ, òun àti Àjàgbé, tó ń bá a mójú tó oko, jọ wà lóko. Àjàgbé wá láti ìhà Ìsẹ́yìn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń gbà nínú kòkó tó bá ká. Ó ń kánjú. Ó fọwọ́ lọ́ èso kan, ó já a, èèpo igi sì bá a wá.

"Àjàgbé, ọwọ́ rẹ dà?"

"Òun rèé, Bàbá."

"Gé e dànù. Kò wúlò fún ọ. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti sọ ọ́? Àdá ni kó o fi gé ìdí rẹ̀, má bó igi léèpo. Ojú ibẹ̀ ló ti tanná, ojú ibẹ̀ náà ni yóò tún ti tanná lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó bọ́ kì í mú ojú ibẹ̀ lọ. Àfi bó o bá fọwọ́ ara rẹ..."

Àjàgbé dúró de ìyókù èébú náà, kò gbọ́ ọ.

Olútìmẹ́hìn ti rìn lọ sí ìdí igi tó kà lọ́dún tó kọjá. Ó wá àmì ọ̀dà kan, ó rí i. Gbogbo ìtànná ojú ibẹ̀ ló bọ́ lọ́dún náà, ọ̀kan ò kù. Láàárọ̀ yìí, mẹ́ta ló tún wà níbẹ̀, funfun, kò tó orí èékánná. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló fi ń ka èyí tó bọ́. Kò ronú kan ojú ibi tí wọ́n ti bọ́ rí.

"Bàbá," Àjàgbé ké sí i láti ọ̀nà jíjìn, "wọ́n ní ẹ̀yin àti ìyàwó ilé ń du orúkọ."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo Aládé."

"Ká kòkó rẹ. Àdá ni kó o lò."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé omi, iyọ̀ àti oyin kalẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn dúró nínú aṣọ funfun, akọ̀wé ìjọ ṣí ìwé. Ọmọlará ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Olútìmẹ́hìn ki ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ níwájú orí.

"Ìtànnáolúwa," ló pè é.

Akọ̀wé gbé bírò dúró; òun náà ti gbọ́ ohun tí gbogbo Aládé ń sọ. "Ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Mo lọ wo igi náà lánàá. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ọmọlará gbójú sókè. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ tòun tọmọ, títí Esther fi fà á dìde.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ọmọlará tún gbé oúnjẹ lọ sóko, ó pọn ọmọ. Bàbá wà nídìí igi, ó ń kà. Ọmọlará fẹ́ fẹ̀yìn ti igi kan kó sinmi.

"Rọra o," Olútìmẹ́hìn ní, kò bojú wẹ̀yìn. "Ìtànná wà lára igi yẹn."

"Ọ̀kan wà lẹ́yìn èmi náà, Bàbá mi."

Mọ́kànlélógún ni kíkà rẹ̀ ti dé.

"Méjìlélógún," ló wí, ó sì ń kà á lọ.