Píkọ́ọ̀pù Làsísì Ga Ju Géètì Àna Lọ

Bí ẹ bá dárúkọ Làsísì onípákó ní Agége lónìí, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn, kí wọ́n tó sọ pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó há sí géètì àna rẹ̀ ní Ọmọlé ni wọ́n máa ń sọ. Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sọ jù, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló jókòó sí nínú mọ́tò.

Ọdún kejì tí àwọn alágbádá gba ìjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà ni. Shuaib ọmọ wọn rí Tẹjú, ọmọ Tíṣà Bọ́dúndé ará Èkìtì, ó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíì mọ́. Tíṣà ò gbà. Ó ní ọmọ ìjọ lòun, mùsùlùmí ni wọ́n, òun ò sì mọ irú ilé tí wọ́n ti wá. Nígbà tí Tẹjú sunkún títí, ó ní ó dáa, kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́, òun á gbà. Bí wọn ò bá ní, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Wọ́n di iṣu, oyin àti àpò ìrẹsì kan sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Shuaib àti Síkírù, àbúrò Làsísì, jókòó ti ẹrù lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Sùlíyá rí àtẹ́rígbà kọnkéré lókè.

"Bàbá Shuaib, kò lè gbà wá o."

"Ìwọ ṣáà jókòó."

Orí mọ́tò kọjá. Irin gogoro tó fi ń gbé pákó, tó wà lẹ́yìn orí mọ́tò, ni ò kọjá. Ó kọ́ àtẹ́rígbà, ó há pinpin, iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà. Òpó wà lọ́tùn-ún, òpó wà lósì, ilẹ̀kùn mọ́tò méjèèjì ò ṣeé ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Bọ́dúndé jáde, ó dúró nísàlẹ̀, bàbá ọkọ sì wà lókè, ó ń wo àárín fìlà rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé orí ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ti ń kí bàbá ìyàwó.

Ta ló gbé mọ́tò dé òkè bẹ́ẹ̀? Làsísì náà ni. Omi òjò ti wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Dọ̀pẹ̀mú lẹ́ẹ̀kan, inú bí i, ó gba ọ̀dọ̀ Mùíbì onísípíríǹgì lọ. Ká má parọ́, Làsísì kúrú, bó bá jókòó sídìí mọ́tò, fìlà rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Mùíbì ṣàlàyé fún un pé òun lè fi awẹ́ irin kún sípíríǹgì, ìyẹn dára fún ẹrù. Òun sì lè ki irin sábẹ́ sípíríǹgì kí ara mọ́tò dìde, ìyẹn dára fún omi.

"Ẹrù ń yọ mí lẹ́nu, omi ń yọ mí lẹ́nu. Ṣe méjèèjì."

"Bàbá, á ga jù."

"Ó ga ju kí ni? Ṣé abẹ́ ibùsùn lo ní kí n máa gbé e sí ni?"

Ọ̀rọ̀ wá kan táyà. Fọ́tíìnì, táyà kékeré, ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò. Mùíbì ní fífítíìnì ló máa bá a mu, pé síkísitíìnì tó tóbi jù á máa ha ara mọ́tò bó bá fẹ́ yà. Làsísì gun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dúró lé e, ó ń wò bóyá òun á rí òdìkejì ọgbà Mùíbì. Orí síkísitíìnì ló ti rí i, ló bá ní kí wọ́n dè é. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti fẹ́ yà, táyà á máa ké, àwọn ará àdúgbò á sì sáré kúrò lọ́nà. Ó ní ẹ ò rí i, òun ò ra fèrè mọ́.

Mọ́tò yìí ló wá há sẹ́nu géètì o.

"Ẹ̀yin lẹ wá tọrọ ọmọ mi?" Tíṣà béèrè.

"Àwa ni, sà. Ẹ má bínú, mọ́tò ni ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀."

"Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ rí," ni Tíṣà wí, ó sì kọjú sílé. Sùlíyá rí Tẹjú lójú fèrèsé, tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Shuaib ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tú afẹ́fẹ́ inú táyà. Làsísì kọ̀ jálẹ̀.

"Kí àna mi rí táyà mi ní pẹlẹbẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Wọ́n á ní akúùṣẹ́ ni wá. Ẹrù ló kéré. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gun ẹ̀yìn mọ́tò."

Àwọn ìyá ìjọ tó wá bá ìyá Tẹjú gba àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ilẹ̀kùn kékeré jáde, wọ́n gùn ún. Mọ́tò wálẹ̀ díẹ̀. Ó ku bí ìka kan. Ni gbogbo ojú bá yí sí Tíṣà Bọ́dúndé, nítorí ọkùnrin náà jẹun kánú.

"Èmi?"

"Bàbá Tẹjú," ìyàwó rẹ̀ wí, "àbí ẹ fẹ́ kí géètì wa wà báyìí di ọjọ́ àjíǹde?"

Shuaib bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó ní kí bàbá fi ẹ̀yìn òun ṣe àtẹ̀gùn. Tíṣà náà gba ilẹ̀kùn kékeré jáde. Ó bọ́ bàtà, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó gòkè, ó jókòó lórí àpò ìrẹsì. Sípíríǹgì kérora, irin já kúrò lára kọnkéré, gbogbo ẹbí méjèèjì bá wọ ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí Tíṣà tó sọ̀ kalẹ̀, Làsísì ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti na gbalaja.

"Mo dọ̀bálẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ wà lókè báyìí. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wà kí n tó kí yín nìyẹn. Ṣé ẹ rò pé mo kàn há lásán ni?"

Tíṣà gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè wá ọgbọ́n báyìí, ebi ò ní pa ọmọ òun nílé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, gbogbo ẹbí ìyàwó tún gun ẹ̀yìn mọ́tò láti sìn wọ́n kọjá géètì.

Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń parí ìtàn sí. Tíṣà Bọ́dúndé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níbi fídáù Làsísì, òun ló sì rẹ́rìn-ín jù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu ojú. Sùlíyá bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló wà lọ́kàn tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Tẹjú lóyún, Làsísì fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkẹjà. Tẹjú gbé ẹsẹ̀ láti gun mọ́tò, ẹsẹ̀ ò dé. Ó tún gbé e, kò dé. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bàbá, màá wọ ọkọ̀." Lọ́jọ́ kejì, píkọ́ọ̀pù wọlé, ó rẹlẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Wọ́n bi í léèrè, ó ní ó rẹ sípíríǹgì ni. Sùlíyá lọ bá Mùíbì, ìyẹn ní ńṣe ni Bàbá fi ọwọ́ wọn ibi tí ẹsẹ̀ aboyún lè dé hàn òun, ó ní kí òun má jẹ́ kó fi ìka kan ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo òjò ọdún yẹn ló bá Làsísì nínú mọ́tò tó ti rẹlẹ̀ náà. Á wọlé, á bọ́ bàtà, á da omi inú rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, á ní ọ̀nà gbẹ dáadáa lónìí. Sùlíyá á ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà," á gbé omi gbígbóná fún un. Kò jẹ́ kí Làsísì mọ̀ rí pé òun mọ̀. Bí òjò bá ṣú báyìí, àárò irọ́ yẹn máa ń sọ ọ́ gan-an.