Ilé Ọ̀rá tí Mo Kọ́ fún Iṣu Ìyá Mi

Òórùn iṣu tó ń gbẹ lórí àpáta gbígbóná, ìyẹn ni Ṣakí lójú tèmi. Bí wọ́n bá tọ́ ẹ dàgbà nílùú yẹn, wàá mọ ohun tí mò ń sọ: ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé bí mo bá ti wọ kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti mọ̀ pé ọmọ elélùbọ́ ti dé. Nígbà náà, ó máa ń bí mi nínú. Lónìí tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn, mo máa ń dúró níwájú ìsọ̀ ẹni tó ń ta èlùbọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ ra nǹkan kan.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò máa ń sá iṣu tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti rẹ sínú omi gbígbóná, títí tó fi máa gbẹ tí wọ́n á lọ̀ ọ́ sí èlùbọ́. Kálukú ló ní ojú ibi tirẹ̀. Ti ìyá mi fara kan ti obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgọ́-Àrẹ, nítorí ìlú Àgọ́-Àrẹ ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó wá. Òfin kan ló wà lórí àpáta: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ ló máa yí iṣu gbogbo èèyàn padà, tirẹ̀ ló máa fi kádìí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi máa ń bá ara wọn du àárọ̀, ẹnì kan ò fẹ́ kí iṣẹ́ náà já lé èkejì lórí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ó ti deré nìyẹn. "Ọ̀rẹ́, oorun rẹ mà pọ̀ o," ni ẹni tó ṣáájú á wí. Èkejì á ní, "Àbí orí àpáta ni ìwọ sùn ni?" Wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín, ọyẹ́ á sì máa fa ètè wọn ya.

Ọdún tí mò ń wí yìí, mo ṣì wà ní poli, a sì wà ní ọlidé. Ìyá mi ti kó gbogbo owó òwò wọn lé iṣu tí wọ́n lọ rà ní Ipapo. Lọ́jọ́ kan, gbogbo àwọn ìyá lọ síbi ìkómọ kan ládùúgbò, wọ́n ní kí n máa wo iṣu. Ọyẹ́ ti mú dáadáa nígbà náà, gìgísẹ̀ gbogbo wa ti là. Nígbà tí mo rí i tí apá ìwọ̀-oòrùn ṣú, mo ní àwọn ọdẹ ló ń sun igbó. Kí ni ǹ bá tún rò? Èéfín igbó la máa ń rí lójú ọ̀run lásìkò ọyẹ́, kò sẹ́ni tó ń retí òjò. Mo bá ń tẹ fóònù mi lọ ní tèmi. Kí n tó dìde, òjò ti ya lulẹ̀. Mo kó apẹ̀rẹ̀ kan, mo kó èkejì, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni, iṣu ilé bíi mẹ́wàá ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá fi máa sáré dé, omi ti ń wọ́ iṣu lọ sísàlẹ̀ àpáta.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti bu, ó ń rùn. Ìyá mi ò bá mi wí rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ìyá Àgọ́-Àrẹ tí tiwọn náà bàjẹ́ ni wọ́n tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún. "Ta ní ń wòkè lásìkò ọyẹ́, ọmọ mi?" ni wọ́n wí. "Òjò tí ò mọ ìgbà tirẹ̀ mọ́, ṣé ìwọ lo máa kọ́ ọ ni?" Òótọ́ sì ni, kì í ṣe ọdún yẹn ni òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. A kàn ń dijú sí i ni.

Ẹ̀bi náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo rántí pé mo ti rí aláta kan ní Ipapo tó ń sá ata sábẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara. Mo padà lọ bá a, ó fi ọ̀nà hàn mí. Mo wá ọparun, mo bẹ káfíńtà, a kan pẹpẹ mẹ́ta léra wọn sẹ́yìnkùlé wa, a fi ọ̀rá bo òkè àti ẹ̀gbẹ́, a sì fi ojú sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ìyá mi yí i po, wọ́n ní, "Ilé adìyẹ rèé." Síbẹ̀, wọ́n kó iṣu sínú rẹ̀. Nígbà tí òjò tún rọ̀ láàárín ọyẹ́ lọ́dún kejì, ẹ̀kán kan ò kan iṣu wa. Àwọn oníbàárà láti Ìbàdàn àti àwọn tó ń lọ sí ẹnubodè wá ń béèrè èlùbọ́ tí kò ní yanrìn. Òwò tó ti fẹ́ kú tún gbérí. Àbí kí n parọ́? Orí mi wú.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn obìnrin tó kù ti wá wò ó, wọ́n lọ kan tiwọn sẹ́yìnkùlé wọn. Èmi gan-an ni mo bá Ìyá Àgọ́-Àrẹ na ọ̀rá tiwọn. Nígbà tó fi máa di ọdún mélòó kan, ewúrẹ́ nìkan ló kù lórí àpáta. Kálukú ń yí iṣu rẹ̀ padà nínú ọgbà rẹ̀. Kò sí ìjà kankan. Ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín ìyá mi àti ọ̀rẹ́ wọn, bí wọ́n bá sì pàdé lọ́nà ọjà, wọ́n á ní, "A máa ríra."

Ọdún tó kọjá ni ibà dá Ìyá Àgọ́-Àrẹ dùbúlẹ̀ nínú yàrá. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sí nílé. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí àbúrò wọn tó wá gbé wọn lọ sí Àgọ́-Àrẹ, ìyá mi ò sì gbọ́. Nígbà tí wọ́n fi gbọ́, tí wọ́n gun ọ̀kadà lọ, ibi tí wọ́n ti ń bo sàréè ni wọ́n bá àwọn èèyàn.

Mo wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìyá mi ní kí n sin àwọn lọ sílé ọ̀rẹ́ àwọn. Nínú ilé ọ̀rá tí mo bá wọn kọ́, iṣu ṣì wà lórí pẹpẹ. Òjò ò kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sẹ́ni tó yí i, abẹ́ rẹ̀ ti bu, ó ti lẹ̀ mọ́ ọparun. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Màámi, kò wúlò mọ́." Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ká ní orí àpáta la wà ni, àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni ǹ bá ti béèrè ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, iṣu tèmi ni mò ń yí."

Àárò àpáta yẹn ń sọ mí ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ ọ́ lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni tú ilé ọ̀rá rẹ̀ ká, nítorí òjò ò tíì padà sí ìgbà tirẹ̀, kò sì jọ pé ó máa padà. Ilé ọ̀rá náà la fi ń jẹun títí dòní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún un kọ́, orí àpáta ni màá kọ́ ọ sí, màá sì jẹ́ kó fẹ̀ tó ibi tí ìyá mi àti ọ̀rẹ́ wọn á ti jọ máa yí iṣu.