Ìyá Tí Mo Kí Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo mu nǹkan lọ́jọ́ náà. Tíì ni mo mu, mi ò sì mu ún tán tí a fi jáde nílé. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ojú mi là kedere. Pásítọ̀ wa nìkan ni mo tíì sọ ọ́ fún, òun náà sì ní kí n má sọ ọ́ níbi ẹ̀rí, kí n má baà dẹ́rù ba ìjọ. Ẹ sún mọ́ mi.

Clondalkin níbí ni mò ń gbé ní Dublin, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń wọṣọ fún wọn. Bí ọ̀kan bá kú, èmi náà ni mò ń tún un ṣe kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó dé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà ìsinmi, èmi àti ọmọ mi obìnrin, Tọ́míwá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ kí àǹtí mi ní Munich, ní Jámánì. Ní ọjọ́ kejì, a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Regensburg, ìlú àtijọ́ kan tó ní afárá olókùúta, ká sì padà wálé lálẹ́. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni àǹtí mi ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ẹ wá wo ọmọ mi o! Ó jókòó pa sórí àga, kò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní, "Hiya."

Hiya! Sí ẹni tó ju ìyá rẹ̀ lọ!

Mo já fóònù náà gbà, mo jù ú sínú báàgì mi. Àǹtí ní, "Fi ọmọ sílẹ̀ jàre, ọmọ Òyìnbó ni." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni." Inú bí Tọ́míwá débi pé kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibùdókọ̀.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí ọkọ̀ ṣe ṣílẹ̀kùn, Tọ́míwá sáré lọ gba ilẹ̀kùn kan níwájú, kó má baà bá mi rìn. Mo pè é títí. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní òun wà dáadáa: "I'm grand, Mam!" Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, ni mo bá gba ilẹ̀kùn tó wà lọ́dọ̀ mi wọlé. Mo ní màá gba inú lọ bá a.

Mo rìn dé ìparí, ògiri ni mo bá. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ínhélà rẹ̀ wà nínú báàgì kan náà, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ní ásímà. Mo ní kò burú, bí ọkọ̀ bá ti dúró, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ọkọ̀ kọ̀, kò dúró níbì kankan.

Inú ọkọ̀ kún fọ́fọ́, àwọn èèyàn wà lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹnikẹ́ni ò sì jókòó síbẹ̀. Ó wọ kóòtù tó nípọn nínú ooru yẹn. Bàtà rẹ̀ rin gbingbin, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo wo ìta, kò sí òjò.

Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀ kí n jókòó ti àgbà láìkí i. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì bọ́ lẹ́nu mi ní Yorùbá: "Ẹ káàsán, mà." Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, ó wo àga, ó sún sẹ́yìn. Mo jókòó.

Ìyá náà rọra yíjú sí mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú ẹni tí wọn ò kí láti ọjọ́ pípẹ́ ló fi wò mí. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

Mo mọ ọwọ́ arúgbó. Ó máa ń tutù, màá sì fi tèmi ra á kó lè móoru. Òtútù ti ìyá yìí kì í ṣe irú ìyẹn. Òtútù àwọn tí mò ń tún ṣe kí àwọn ọmọ wọn tó dé ni. Orí mi wú. Mo pe ẹ̀jẹ̀ Jésù nínú.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: "Ọkọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀ yìí. Wọ́n máa tó tú wọn. Lọ mú ọmọ rẹ."

Mi ò gbọ́ Jámánì. Títí dòní, mi ò lè sọ èdè tó fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣáà gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ dúró. Mo fò sílẹ̀, mo sáré lọ síwájú. Òótọ́ ni! Wọ́n ti tú wọn, àlàfo ti wà láàárín, orúkọ ìlú míì ló sì wà lára ti iwájú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún. Mo kígbe, "Tọ́míwá!" Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ gbéra. Mo ń gbá fèrèsé, mo ń sáré, títí ọkọ̀ fi fi mí sílẹ̀. Mo ní ó parí, mo ti torí ìkíni pa ọmọ mi.

"Mam."

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Tọ́míwá dúró ti òpó kan, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, èémí rẹ̀ ń súfèé. Báàgì mi ò tètè ṣí. Ó fa ínhélà lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀. Háà, Olúwa o ṣeun! Mo dì mọ́ ọn, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín, mo fún un ní fóònù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè.

Mo bi í pé ta ló ní kó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "The old lady, Mam. Her hand was freezing." Ó ní ìyá náà ti jókòó ti òun láti Munich, bàtà rẹ̀ kún fún omi.

Ó jókòó ti èmi náà. Lákòókò kan náà. Nínú ọkọ̀ méjì tí kò sí ọ̀nà láàárín wọn.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀ wa, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà. Ọkùnrin tó sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣì dúró níbẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé láti Munich ni òun ti rí omi lórí àga náà, ìdí nìyẹn tí òun ò fi jókòó, kò sì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀.

A dé Regensburg, a jẹ sọ́séèjì, a wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹsẹ̀ afárá, tí mo rí bí odò yẹn ṣe ń sáré lábẹ́ rẹ̀, mo ní a ò kọjá. Tọ́míwá di ọwọ́ mi mú. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti rìn, mo ti rí i, ó tó mi. A padà sí Dublin, mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a wọ Luas, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú Dublin, láti ìgboro. Tọ́míwá ti fẹ́ jókòó, ó dá dúró. Ó kọjú sí àga kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó fi ahọ́n Dublin rẹ̀ ní, "Ẹ káàsán, mà."

Mo wo ilẹ̀. Omi wà níbẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo kí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fa ọmọ mi mọ́ra. A ò jókòó títí a fi délé.

Ẹ máa kí àgbà, ẹ sì kọ́ ọmọ yín kó máa kí wọn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ àgbà kan bá bà lé tiyín, tí òtútù rẹ̀ kì í ṣe ti alààyè, ẹ má dúró bi í pé ta ni. Ẹ dìde, ẹ lọ wá ọmọ yín.