Ẹ Kú Ìwọ̀n, Ẹ Kú Ìgéṣọ

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà Ìyípadà, tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaraadi, alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Daagbé, ó sì fi orí gbá òkúta. Ó pẹ́ kó tó lajú. Ìgbà tó lajú, ó mọ orúkọ gbogbo wa. Nígbà tí a gbé e padà dé Ifangni, ó kí àwọn tó wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bèèrè ọmọ, ó bèèrè oko. Wọ́n ní, "Alihamudulilai, orí ẹ̀ pé."

Kò pé. Èmi tí mo ń bá a gbé ni mo mọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Èyí tó kàn láti ṣe ló sọnù lọ́kàn rẹ̀. Á wọn oníbàárà tán, á tún un wọ̀n, á tún un wọ̀n, títí ẹni náà á fi bínú. Lọ́jọ́ mìíràn, á mú àlùmọ́gàjí, á gé aṣọ láì wọn ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan láti Lagbé gba ṣòkòtò ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di ẹyọ kan. Èmi ló wá bá jà.

"Ẹ̀gbọ́n yín kí mi, ó bèèrè ìyá mi, ó bèèrè ewúrẹ́ mi! Ẹ wá ń sọ pé nǹkan ń ṣe é? Ẹ kàn fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni."

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, ara rẹ̀ yá lójú wọn.

Mo gbìyànjú láti máa sọ èyí tó kàn fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n." Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Nínú èmi àti ìwọ, ta ni ìyá wa kọ́kọ́ bí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa. Mo rò pé Ìyípadà ti yí ìyẹn náà ni."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Kò rán nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kutọnu wá, ó ní òun máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà lọ, kí bàbá òun lè sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ, kò sì gbé e kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ dé iwájú deléègè, olórí tí ìjọba fi jẹ ní abúlé wa. Ó ní òun máa mú aṣọ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ̀gbọ́n mi fi rán bùbá fún òun lójú gbogbo wa. Bó bá bà á jẹ́, ẹ̀rọ á lọ.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ìyá arúgbó kan ń kọjá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti aṣọ, okùn ìwọ̀n lọ́rùn, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó ń wo ògiri. Ìyá ní, "Ẹ kú ìwọ̀n o." Ó ní, "O o, a dúpẹ́." Bó ti ń dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí okùn ìwọ̀n.

Mo rí i. Àbúrò kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n. Ta ló wá máa bínú nítorí pé wọ́n kí i?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, deléègè wọlé, ó ké ìkíni Ìyípadà lédè Faransé, "Prêt pour la révolution!" Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ dáhùn, "La lutte continue!" Ọmọ rẹ̀ mí kanlẹ̀.

"Ìdáhùn nìkan ló kù lọ́wọ́ bàbá."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìwọ̀n o." Ó wọn deléègè. "Ẹ kú ìgéṣọ o." Ó gé e. "Ẹ kú ìránṣọ o." Ó jókòó ti ẹ̀rọ.

Deléègè kọjú sí mi. "Kamaraadi, a kì í gbọ́ ohùn yín nípàdé. Èèyàn kan ṣoṣo, ìgbà mélòó lẹ fẹ́ kí i?"

Mo ní, "Ẹ má bínú. Apá ló kàn." Mo tún kí i.

Bùbá náà bá deléègè mu. Ẹ̀rọ kò lọ mọ́.

Èmi náà kò sì lè lọ ibì kankan mọ́. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ìdákẹ́jẹ́ ni mo fẹ́ràn. Ẹ wá wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń kíni láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́. Koríko bo oko mi. Bí mo bá lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé, kí n tó dé, ó ti rán ọrùn mọ́ apá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ fún obìnrin oníbàárà kan láti Banigbé pé, "Ẹ bá mi ṣàánú àbúrò mi yìí. Ikú ìyàwó ẹ̀ ló dé orí ẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó ná, á máa kí mi ṣáá bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú."

Obìnrin náà wò mí tàánútàánú. Mo fẹ́ fèsì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti dúró lórí aṣọ, ó ń wo ògiri.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgéṣọ o."