Díákónì Tí Kì Í Wo Ife Áfíríkà

Bí mo bá ti rí kóòtù tó nípọn, díákónì ìjọ wa ní Nichelino, nílẹ̀ Ítálì, ni mo máa ń rántí. Bí Nàìjíríà bá ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ife Áfíríkà, ilé wọn la máa ń pé sí láti wò ó, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kì í wò ó. Wọn á wọ kóòtù, wọn á bọ́ síta sí balcone nínú òtútù, wọn á kẹ̀yìn sí wa.

Wọn á ní, “Nígbà tí ife yẹn wá sí Èkó láyé ijọ́un, mo wà ní pápá. Àfi tí mo bá jáde lọ tọ̀ ni tiwa máa ń wọlé. Ojú mi ò dáa fún bọ́ọ̀lù.”

Inú máa ń bí pásítọ̀ wa. “Díákónì, ọmọ Ọlọ́run kì í gba irú ìyẹn gbọ́. Ẹ wọlé, ẹ jókòó!”

Lọ́jọ́ àṣekágbá, díákónì gbọ́ràn, wọ́n jókòó. Wọn ò tíì bọ́ kóòtù tán tí bọ́ọ̀lù fi wọ àwọ̀n wa. Ọmọ wọn obìnrin figbe ta: “Papà, fuori! Ẹ bọ́ síta!”

Díákónì sáré padà síta. Ká tó mí, a ti dá góòlù náà padà! Ariwo sọ. Díákónì ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti ẹsẹ̀ kan bọlé.

“Ta ló gbá a wọlé?”

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rọra ti díákónì padà síta, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn.

“Díákónì, ní orúkọ Jésù, ẹ dúró síbẹ̀!”