Iyọ̀ Tí A Jẹ Lórí Afárá

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ta ìbò láyé. Ẹ má gba iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba yín lọ́wọ́ wọn o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ta tèmi kí ogun kejì àwọn òyìnbó tó dé, ní Adó-Èkìtì níbí, lójú ọ̀sán gangan.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ní kí àdúgbò wa yan ẹnì kan tí yóò máa gbẹnu sọ fún wa nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwa ọkùnrin tó ń san owó orí nìkan ni yóò yàn án. Ẹni méjì ló jáde. Èkíní jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, mùsùlùmí jẹ́jẹ́ kan. Ó ti la pákó ìrókò jọ sẹ́yìn ilé, ó ní bí a bá yan òun, òun yóò fi wọ́n ṣe afárá sórí odò tó wà lọ́nà oko wa, lápá Ìjàn. Igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo la fi ń kọjá níbẹ̀ nígbà náà. Bí òjò bá ti rọ̀, igi náà a máa yọ̀ bí ilá. Èkejì jẹ́ oníṣòwò kòkó. Òun kò dárúkọ afárá rárá. Iyọ̀ àti panla ló ń pín.

Ìyàwó mi, tó ń ru iṣu kọjá lórí igi ọ̀pẹ yẹn, wo abọ́ tí mo gbé wọlé.

"Baálé mi, kí nìyí?"

"Iyọ̀ ni. Oníkòkó ló fún wa."

"Ẹ káre. Lọ́jọ́ tí odò bá kún, ẹ ó da iyọ̀ sí i, kí n gba orí rẹ̀ kọjá."

Mo ní kó lọ gúnyán. Ó gún un. Mo fi panla jẹ ẹ́, mo lá ìka.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbẹ́nàgbẹ́nà dúró sápá kan, oníkòkó dúró sápá kejì, akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ ní kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé afárá sàn ju iyọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ iyọ̀ ènìyàn tán kó wá kẹ̀yìn sí i? Ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn, ọmọlúàbí sì ni wá! Àna gbẹ́nàgbẹ́nà pàápàá tò sẹ́yìn oníkòkó.

"Àna mi yóò dárí jì mí," ó ní. "Iyọ̀ kì í dárí ji ènìyàn."

Ẹni mẹ́ta péré ló tò sẹ́yìn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ibà ló dá ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín iyọ̀.

Iyọ̀ náà kò pé oṣù kan. Òjò dé, igi ọ̀pẹ yọ̀, ìyàwó mi àti ẹrù iṣu bá ara wọn nínú odò. Wọ́n fà á jáde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́.

Ni àwa ọmọlúàbí bá kó ara wa lọ sílé oníkòkó. Ó kù díẹ̀ kó parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ni. A gòkè lọ bá a.

"Ẹ̀yin ará mi," ó ní, "ṣé iyọ̀ yẹn kò dùn ni?"

"Ó dùn, Baba."

"Panla ńkọ́?"

"A jẹ ẹ́, Baba."

"Ẹni tó bá ra ewúrẹ́ lọ́jà, ṣé ó tún ń bi ewúrẹ́ pé kí ni kí òun ṣe fún un?"

Ta ló ti rí ewúrẹ́ tó ń fèsì?

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, a bá gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, tó ń kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ ọn.

"Ẹ rọra sọ̀ o," ó ní, kò gbójú sókè. "Ìrókò gidi ni. Afárá yín lẹ ń tẹ̀ yẹn."

Mo délé. Ìyàwó mi na ẹsẹ̀ tí a fi igi dì sílẹ̀ lẹ́bàá ààrò.

"Kí ló wí?"

Mo sọ ọ́ fún un, títí dórí ewúrẹ́. Ó bu ọbẹ̀ sí mi lọ́wọ́.

"Ẹ tọ́ ọ wò, baálé mi. Kò níyọ̀."